Kòtò Yìnyín Kì Í Fúnni Láṣẹ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹ̀yin tí ẹ ń fi síkì (igi pẹlẹbẹ gígùn tí à ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín) tàbí bàtà yìnyín gun òkè, níbi tí kò sí olùṣọ́, tí kò sì sí okùn ààlà, ẹ fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé yìnyín iwájú yín kò ní ya lé yín lórí. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ẹni tó béèrè irú síkì tó dára jù, ẹ má bínú, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo fídíò kan tí èèyàn mẹ́fà ti fi síkì sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láìsí wàhálà. Bí ẹni keje ṣe dé àárín, gbogbo rẹ̀ ya. Ṣé ó wúwo ju àwọn yòókù lọ ni?

Ìdáhùn: Ó lè má tó wọn wúwo rárá. Ibi tó tẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiwọn.

Yìnyín orí òkè máa ń gun ara wọn ní ìpele-ìpele. Èyí tó bọ́ lánàá wà lórí tọ̀sẹ̀ tó kọjá, tọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lórí èyí tí oòrùn ti yọ́ tí òtútù sì tún mú le. Irú yíya tó ń pa èèyàn jù kò lè ṣẹlẹ̀ àfi kí nǹkan mẹ́rin pàdé: pátákó, ìyẹn ìpele òkè tó ti so mọ́ra wọn; ìpele ẹlẹgẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tí hóró rẹ̀ kò di ara wọn mú dáadáa; gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dagun tó; àti ohun tó máa ta á jí. Nínú ìjàǹbá mẹ́wàá tó pa àwọn tó ń ṣeré lórí òkè, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹni tó kú gan-an, tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ, ló ta á jí.

Ìwúwo ẹni tó wà lórí síkì kì í wọlẹ̀ jìnnà. Bó bá fi máa dé nǹkan bí mítà 1 sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Níbi tí pátákó bá ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 120, èèyàn mẹ́fà lè kọjá, kí ìpele ẹlẹgẹ́ má tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọjá. Àmọ́ pátákó kì í nípọn dọ́gba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó yọrí, níbi tí ilẹ̀ ti wú sókè, ní etí pátákó fúnra rẹ̀, ó lè má ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ibẹ̀ ni ẹni keje tẹ̀. Ìpele ẹlẹgẹ́ fọ́ lábẹ́ rẹ̀, fífọ́ yẹn sì sáré gba abẹ́ ibi tó nípọn lọ, ó lè lọ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Nígbà mìíràn, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ ni èèyàn á dúró sí tí á fi ta á jí, tí yìnyín á sì ya láti òkè wá bá a.

Nítorí náà, ipa síkì tí ẹ bá rí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sọ ju pé ẹsẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ kọjá kò bọ́ sí ibi fẹ́lẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ bí òkè ṣe dagun tó? Fóònù mi kì í pẹ́ kú nínú òtútù, mi ò sì fẹ́ gbára lé e.

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ béèrè nìyí, nítorí yìnyín kò sí lábẹ́ àṣẹ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń yan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ó gùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pátákó tó ń ya, láàárín dígírì 30 sí 45 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó wà nítòsí 38 sì pọ̀ jù. Kò wọ́pọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò tó 30. Níbi tó bá kọjá nǹkan bí 55, yìnyín kì í lè kóra jọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀.

Ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú máàpù àti rúlà. Lórí máàpù 1:25,000 tí ìlà gíga rẹ̀ fi mítà 20 jìnnà síra wọn lóròó, ìlà méjì tí àárín wọn jẹ́ mìlímítà 1.4 túmọ̀ sí dígírì 30. Bó bá ku mìlímítà 0.8, ó ti di 45. Ẹ fi pẹ́ńsù kun gbogbo ibi tí ìlà ti fún mọ́ra ju 1.4 lọ, kí ẹ tó fa ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Ohun tí máàpù ń fi pa mọ́ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúkúrú: ibi tó dagun gan-an tí gíga rẹ̀ kò tó mítà 20 lè sá sáàárín ìlà méjì, kó má hàn, bẹ́ẹ̀ ó tó láti bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá dé orí òkè, ọ̀pá síkì méjì tó gùn dọ́gba tó. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sórí yìnyín kó dojú kọ ìsàlẹ̀ gan-an, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè, kí orí rẹ̀ tí à ń dì mú wà nísàlẹ̀, kí ó fi ipa rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu yẹn dúró síbi tó wà, kí ẹ wá gbé orí rẹ̀ sókè. Ẹ so ọ̀pá kejì rọ̀ láti orí yẹn, kó rọ̀ tààrà bí okùn ìwọ̀n bíríkìlà, kí ẹ máa gbé e sókè sódò títí ìdí rẹ̀ á fi kan yìnyín. Bó bá kan ìsàlẹ̀ ipa yẹn gẹ́lẹ́, dígírì 30 ni. Bó bá bọ́ sínú ipa, kò tó 30. Bó bá kọjá ipa lọ sísàlẹ̀, ó ju 30 lọ: fún ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 120, sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá jẹ́ nǹkan bíi dígírì 3.

Kí ẹ tó ní ibi tí ẹ dúró sí kò tó 30, ẹ gbójú sókè o. Yìnyín tó bá ya lórí ibi tó dagun kì í dúró torí pé ilẹ̀ ti tẹ́. Ní Galtür, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní oṣù kejì ọdún 1999, ó wọ àárín abúlé, ó sì pa èèyàn 31.

Ìbéèrè: Ẹ ṣàlàyé fún wa, ní kíkún, bí a ṣe ń gbẹ́ kòtò yìnyín, èyí tí à ń gbẹ́ láti yẹ àwọn ìpele wò, tí a sì ń dán an wò. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbọ́, wọn ò sì bára wọn mu.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ibi tí ẹ ó gbẹ́ ẹ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó dojú kọ apá kan náà, tó ga bákan náà, tó sì dagun bíi ti èyí tí ẹ fẹ́ gùn, ṣùgbọ́n tí kò sí ohun ńlá lókè rẹ̀, tí kò sì sí kòtò tàbí igi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ẹ lábẹ́ igi, níbi tí yìnyín ẹ̀ka ti ń já bọ́, tàbí níbi tí ẹnì kan ti tẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá ìgúnwò gún un níbi márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orí àpáta ni ẹ dúró sí.

Kòtò tó fẹ̀ tó mítà 1.5, tó sì jìn tó mítà 1.2 sí 1.5, tó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣòro kí síkì ta á jí níbi tó nípọn. Ogiri tí ẹ ó yẹ̀ wò ni èyí tó wà lápá òkè. Ẹ fi ojú ṣọ́bìrì fá a kó dán, kó sì dúró ṣánṣán. Ẹ ṣọ́ra kẹ́nikẹ́ni má tẹ yìnyín tó wà lókè ogiri yẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ wá bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, láti òkè sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí agbára tí ẹ fi ń tì í má yí padà, kó sì jẹ́ díẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá wọlé, ó rọ̀ jù lọ. Bó bá jẹ́ ìka mẹ́rin ló wọlé, ó le díẹ̀, ìka kan, ó le sí i, pẹ́ńsù, ọ̀bẹ. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí líle ti jókòó lórí rírọ̀: ìka kan lórí ẹ̀ṣẹ́, fún àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá rí i, ẹ bu hóró ìpele rírọ̀ yẹn sórí káàdì dúdú, kí ẹ wò ó dáadáa. Hóró kéékèèké tó rí roboto, tó ń lẹ̀ mọ́ra, kì í fi bẹ́ẹ̀ báni jà. Hóró tó ju mìlímítà 1 lọ, tó ní igun, tó ń dán nínú oòrùn, tó sì ń ṣàn kúrò láàárín ìka bíi ṣúgà, òun ni ọ̀tá. Bí ìpele bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín mítà 1 sí òkè yìnyín, tó tún fẹ́lẹ́, ẹ ti rí ìdí tó tó láti yí èrò padà kí ẹ tó dán ohunkóhun wò.

Ẹ wá dán an wò. Ọ̀nà àkọ́kọ́: ẹ gé òpó yìnyín kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì jẹ́ 30 láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí kọjá ìpele tí ẹ fura sí. Ẹ tẹ́ ojú ṣọ́bìrì lé e lórí. Ẹ gbá a nígbà 10, kó jẹ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń mi. Nígbà 10 mìíràn láti ìgúnpá. Nígbà 10 tó kẹ́yìn láti èjìká, kí apá já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tó fi fọ́, àti bó ṣe fọ́. Bí òpó bá ṣàdéédéé yọ̀ síwájú fàà, tí ojú ibi tó ti fọ́ sì dán, ìyẹn burú ju èyí tó fọ́ gbágungbàgun lọ, kódà bí iye rẹ̀ bá jọra.

Ọ̀nà kejì ni a fẹ́ràn jù, èyí tí Ron Simenhois àti Karl Birkeland, àwọn olùṣèwádìí yíya yìnyín, gbé jáde ní ọdún 2006. Òpó náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìdábùú òkè, ó sì jẹ́ 30 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣọ́bìrì wà ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo, gbígbá rẹ̀ sì jẹ́ ọgbọ̀n kan náà, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ṣọ́bìrì máa sáré dé ìpẹ̀kun kejì. Bó bá dé ibẹ̀ ní gbígbá kan náà tó fọ́ sí, tàbí ní gbígbá tó tẹ̀ lé e, ẹ kà á sí pé pátákó yẹn lè ya. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń sọ bí fífọ́ ṣe rọrùn tó láti bẹ̀rẹ̀. Èyí ń sọ bóyá ó máa rìn. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi lè dà bíi pé wọn ò bára mu.

Ọ̀nà kẹta wà fún ìpele tó jìn. Òpó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì gùn ní 100 sí apá òkè. Bí ìpele ẹlẹgẹ́ bá jìn ju 100 lọ, gígùn òpó máa tó jíjìn yẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ayùn, níbi tí kò ti ní eyín, gé ìpele ẹlẹgẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí fífọ́ bá ṣàdéédéé sá ṣíwájú ayùn títí dé ìparí òpó kí ẹ tó gé dé ìdajì, ilé ló yá.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́: ẹ̀yìn òpó tí a kò gé dé ìsàlẹ̀, tó wá ń di òpó mú, tó fi dà bíi pé yìnyín lágbára. Okùn tín-ín-rín tí a so kókó sí ni kí ẹ fi gé ẹ̀yìn òpó 90 yẹn, ẹ yí i ká ọ̀pá ìgúnwò méjì tí ẹ gún sí igun ẹ̀yìn. Òmíràn ni gbígbá tí agbára rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Òmíràn tún ni yìnyín òkè tó rọ̀ jù, tí ṣọ́bìrì kàn ń rì sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan dé ìsàlẹ̀. Bí ìpele ẹlẹgẹ́ bá sì jìn ju mítà 1 lọ, gbígbá kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kò fọ́" tí ẹ kọ sínú ìwé kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ìbéèrè: A gbẹ́ kòtò kan ní òwúrọ̀, òpó 30 fọ́ ní gbígbá 24, òpó 90 kò fọ́ dé ìpẹ̀kun. A gùn ún, a sì sọ̀ láyọ̀. Ṣé a ṣe é dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa. Ìdí tí ẹ fi gùn ún ni kò dáa.

Kòtò lè dá yín dúró. Kò lè rán yín lọ. Ibi tí ẹ dán wò kò fẹ̀ tó tábìlì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì fẹ̀ tó pápá. Bí òpó yín bá fọ́ dé ìpẹ̀kun, ẹ ti mọ̀ pé irú rẹ̀ wà lórí òkè yẹn. Bí kò bá fọ́, ẹ mọ̀ nípa ibi tábìlì kan yẹn, ó parí. Mítà 20 sí ẹ̀gbẹ́, ìpele náà lè wà níbẹ̀ lódindi.

Ẹ fi ojú àti etí wá àmì tó tóbi ju kòtò lọ. Èyí tó lágbára jù ni yíya tuntun lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dojú kọ apá kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró "wùm̀" tí yìnyín ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ojú rẹ̀ á sì rì díẹ̀: ìpele ẹlẹgẹ́ ló fọ́ yẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan ni kò jẹ́ kó gbé yín lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà sísán tó ń sáré kúrò ní ẹnu síkì. Yìnyín tuntun tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín wákàtí 24, òjò tó rọ̀ sórí yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń kó yìnyín jọ, ooru tó dé lójijì: àmì ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, tí kòtò yín sì ní kò séwu, àmì yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. A kì í fi kòtò já àmì nírọ́.

Ìbéèrè: Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìkéde ewu yìnyín àdúgbò òkè wa ti ń sọ pé òǹkà 2. Méjì nínú márùn-ún, ṣé kì í ṣe ohun tó kéré ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òǹkà 1 dé 5 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láti ọdún 1993, tí Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ń lo irú rẹ̀, kì í ga ní ìwọ̀n kan náà. Láti 2 sí 3, ewu kì í fi ìdajì lé sí i. Ó ń di ìlọ́po. Òǹkà 3 ló sì ń pa àwọn oní-síkì jù, nítorí pé ní 4 àti 5, ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé. Ní 3, oòrùn lè máa ràn, yìnyín á funfun, kò sì ní sí àmì kankan títí ẹnì kan á fi tẹ ibi tí kò yẹ.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ wo ìdí tí òǹkà 2 fi dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpele ẹlẹgẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló fà á. Yìnyín tuntun lórí ìpele tó dáa máa ń fara balẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tó wà lórí hóró onígun tàbí ìrì dídì (ìrì tó dì sójú yìnyín lóru) lè dúró fún ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Ibi tí ẹ ti lè ta á jí á máa dín kù lójoojúmọ́, òǹkà náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá ṣẹ́kù, bí ó bá ya, ńlá ni yóò ya, torí pé gbogbo yìnyín tó ti bọ́ látìgbà náà ti gun orí rẹ̀.

Ẹ ka ìkéde láti ìdí rẹ̀ wá sókè. Irú ìṣòro tó wà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà apá òkè tó wà (àríwá, ìlà-oòrùn, báyìí báyìí) àti gíga ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bí yíya ṣe lè tóbi tó. Òǹkà ló kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ bíi SLF, ilé ìwádìí yìnyín àti yíya rẹ̀ ní Davos, ní Switzerland, tàbí Avalanche Canada ń kọ gbogbo èyí jáde nígbà òtútù. Ẹni tó ń wo òǹkà nìkan kàn ń ka orí ìwé láìṣí i.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé bí òtútù bá ṣe pọ̀ tó ni yìnyín ń le tó? Kí ló dé tí àwọn afinimọ̀nà ń bẹ̀rù ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù?

Ìdáhùn: Òtútù nìkan kò sọ nǹkan kan, ẹ fi bí yìnyín ṣe nípọn tó pín in. Ilẹ̀ abẹ́ yìnyín sábà máa ń wà nítòsí dígírì 0. Bí ojú yìnyín bá wà ní −15, tí yìnyín sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 50, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ dígírì 3 ní sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 1 ní sẹ̀ǹtímítà 10, ooru omi á máa gòkè láti ibi tó gbóná díẹ̀ lọ síbi tó tutù, á máa jẹ ọrùn tó so hóró pọ̀, hóró á sì di onígun. Òtútù −15 yẹn kan náà lórí yìnyín mítà 2 kò ju dígírì 0.75 lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Níbẹ̀, hóró á máa rí roboto, á sì máa di ara wọn mú.

Ìdí nìyẹn tí yìnyín fẹ́lẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, tó wà lábẹ́ òtútù líle fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fi ń di yìnyín oníṣúgà dé ilẹ̀. Kò ní pa ẹnikẹ́ni títí pátákó á fi gorí rẹ̀. Apá tí oòrùn kì í dé ló sì máa ń pẹ́ sí jù: àríwá òkè ní ìdá ayé àríwá, gúúsù òkè ní ìdá ayé gúúsù.

Ìrì dídì tún wà, ewé wínníwínní tó ń hù sójú yìnyín lóru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́. Bí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá tètè bà á jẹ́, ó tán. Bí yìnyín tuntun bá rọra bò ó kó tó bàjẹ́, ó di ìpele ẹlẹgẹ́ tí kò nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé ló ti ń ṣẹ́kù, nítorí náà ó lè wà níhìn-ín kó má sí lọ́hùn-ún. Irú èyí gan-an ni kòtò kan ṣoṣo ń fò dá.

Ìbéèrè: Yìnyín kankan kò bọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ wọ́n ní ewu ti pọ̀ sí i. Ibo ló ti wá?

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ó ń gbá yìnyín kúrò ní apá tó kọjú sí i, ó ń kó o dà sí apá kejì góńgó òkè, ó sì lè fi ìlọ́po mélòó kan yá ju bí yìnyín ṣe ń bọ́ láti ọ̀run lọ. Bó ṣe ń gbé e, ó ń fọ́ hóró sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn sì ń so pọ̀ di pátákó kíákíá.

Ẹ wo góńgó òkè: bí yìnyín bá ń rú bí èéfín níbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wo apá tí ètè yìnyín ti yọ síwájú. Abẹ́ ètè yẹn ni pátákó wà. Ojú rẹ̀ á wú, á sì dán láìsí kókó, ẹsẹ̀ á máa dún kòǹgò lórí rẹ̀. Kì í ṣe abẹ́ góńgó nìkan o. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ní ìdábùú, ó ń kún gbogbo àfonífojì tó wà ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ètè yẹn fúnra rẹ̀ kì í kán níbi tí èèyàn rò, ẹ̀yìn ló ti ń kán, nítorí náà ẹ má rìn lórí góńgó níbi tí ẹ kò ti rí àpáta tàbí ilẹ̀ lábẹ́ yín.

Ìbéèrè: Nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú, aago mélòó ló yẹ ká kúrò lórí òkè?

Ìdáhùn: Aago kọ́ ni kí ẹ wò, ẹsẹ̀ yín ni. Òru tí ojú ọ̀run mọ́ máa ń jẹ́ kí ooru yìnyín sá lọ, ojú rẹ̀ á sì dì. Òru tí ìkùukùu bò kì í jẹ́ kó dì, kódà bí atẹ́gùn bá tutù díẹ̀. Bí yìnyín kò bá dì lóru, ẹ má tilẹ̀ gbéra.

Bó bá dì, apá ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ń yọ́, lẹ́yìn náà apá tó dojú kọ oòrùn ọ̀sán, ìwọ̀-oòrùn ló kẹ́yìn. Bí bàtà bá ti ń rì dé ọrùn ẹsẹ̀, tí bọ́ọ̀lù yìnyín kéékèèké sì ń yí wálẹ̀ láti abẹ́ àpáta, ẹ lọ sí apá mìíràn. Bó bá dé orúnkún, ẹ ti pẹ́ jù. Òpó àti ṣọ́bìrì kò wúlò púpọ̀ níhìn-ín, nítorí ohun tí ẹ dán wò ní aago 9 kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ ní aago 11.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi fóònù sínú àpò kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwáni? Àti pé, ṣé ṣọ́bìrì oníke tó fúyẹ́ kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó, ẹ má sì fi wọ́n sápò kan náà. Ẹ̀rọ ìwáni, èyí tí kálukú ń gbé sára kí wọ́n lè fi wá a bí yìnyín bá bò ó, ń ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò 457 kHz, fóònù, rédíò àti ìbọ̀wọ́ oníná sì ń dà á láàmú. Nígbà tó bá ń ránṣẹ́, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 20 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Nígbà tí ẹ bá ń fi í wá ẹlòmíràn, sẹ̀ǹtímítà 50. Láràárọ̀, kí ẹ tó gbéra, kí ẹnì kan dúró sí ìwájú kí àwọn yòókù kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ ẹ̀rọ kálukú wọn.

Ẹni tí yìnyín bò máa ń ní àǹfààní tó pọ̀ láti yè láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń já wálẹ̀ gan-an. Nígbà tí àwọn olùgbàlà bá fi máa dé láti ìsàlẹ̀ òkè, àkókò yẹn ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ ó wú u. Bí ẹ̀rọ bá ti sọ pé ó ku mítà 3, ẹ gbé e sún mọ́ ojú yìnyín, ẹ rọra rìn, ẹ wá ibi tí òǹkà rẹ̀ ti kéré jù. Ẹ fi ọ̀pá ìgúnwò tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240 ó kéré tán gún un, kó dúró ní dígírì 90 sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ máa yí jáde bí ìgbín, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín gígún kan sí èkejì. Bó bá kan èèyàn, ẹ má fà á yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú u láti apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá, kí ẹ jìnnà sí i ní ìlọ́po 1.5 jíjìn tí ọ̀pá fi hàn, kí ẹ wọlé lọ bá a ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má ṣe dúró lórí rẹ̀.

Níbi yẹn ni ṣọ́bìrì oníke ti ń dójú tini. Bí yìnyín tó ya bá ti dúró, ó máa ń ki, ó sì máa ń le kankan, kì í ṣe yìnyín rírọ̀ tí ẹ gùn ní òwúrọ̀ mọ́. Irin ni kí ojú ṣọ́bìrì jẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣeé fà gùn.